Ọdún Mẹ́rin Tí Páálí Ṣèlérí

Páálí gílóòbù kan wà nínú yàrá ẹrù ìyá mi ní Ìpògùn, ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, tí wọn kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dà nù. Gílóòbù ẹ́nájì ló bá inú rẹ̀ wá, èyí tí gíláàsì rẹ̀ lọ́ bí ìwo àgbò, onípíìnì, wáàtì 15. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ sára páálí náà pé 8,000 wákàtí ni yóò fi tàn. Èmi ni mo rà á ní Àkúrẹ́, èmi náà ni mo jókòó ti Màmá tí mo ṣírò rẹ̀ fún wọn: tí a bá ń tàn án fún wákàtí márùn-ún lálaalẹ́, yóò lo ọdún mẹ́rin ó lé oṣù mẹ́rin. Màmá ò dá mi lóhùn. Wọ́n mú bírò, wọ́n kọ ọjọ́ tí a so gílóòbù náà sí ẹ̀yìn páálí. Kò pé oṣù méje tí iná náà fi dákẹ́. Wọ́n kọ ọjọ́ yẹn sí abẹ́ ti àkọ́kọ́, wọ́n sì fi páálí pamọ́.

Ọ̀rọ̀ páálí yẹn kò kúrò lọ́kàn mi láti ìgbà náà. Ta ló parọ́ nínú ẹni tó ṣe gílóòbù, ẹni tó tà á, àti iná tí a fi tàn án? Ẹ́nájì ti ń kógbá sílé báyìí káàkiri ayé, gílóòbù LED sì ti gba orí àtẹ. Ṣùgbọ́n ó ṣì wà nínú ọ̀pọ̀ ilé ní Ìpògùn, ní Ìlárá-Mọ̀kín, ní Ìgbàrà-Òkè, àti ní ìgboro Àkúrẹ́ àti Oǹdó. Àwọn tó ti kú nínú wọn sì wà lórí ààtàn wa. Ó yẹ ká yẹ ọ̀rọ̀ rẹ̀ wò láti ìbẹ̀rẹ̀, torí pé ohun tó ṣe ẹ́nájì lè ṣe ohun tó rọ́pò rẹ̀.

Ẹni tó bá dàgbà nílẹ̀ yìí mọ gílóòbù pupa. Okùn irin kan tó tín-ín-rín ju irun lọ ló wà nínú rẹ̀. Iná á gba inú okùn náà kọjá, okùn á gbóná títí yóò fi máa tàn. Ooru niṣẹ́ rẹ̀, èènì ni ìmọ́lẹ̀. Tí a bá pín iná tó ń jẹ sí ọ̀nà mẹ́wàá, bí ọ̀nà mẹ́sàn-án ló ń bá ooru lọ. Ẹni tó bá ti fọwọ́ kan oníwáàtì 100 lẹ́yìn tó ti tàn fún ìdajì wákàtí kò ní í bèèrè àlàyé.

Ọ̀nà mìíràn ni ẹ́nájì ń gbà. Fúlórẹ́sẹ̀ntì gbọọrọ tí à ń rí ní ilé ìjọsìn àti ní kíláàsì ni wọ́n fún pọ̀, tí wọ́n sì lọ́. Gáàsì díẹ̀ àti mákúrì tíntìntín ló wà nínú gíláàsì náà. Iná á sáré gba inú gáàsì kọjá, mákúrì á tú ìtànṣán kan tí ojú ènìyàn kò lè rí jáde, ìtànṣán náà á lu ẹfun tí wọ́n fi kun inú gíláàsì, ẹfun yẹn ló sì ń tàn tí a fi ń ríran. Ní ìdí rẹ̀, nínú ike funfun, kàpásítọ̀, tíránsísítọ̀ àti kọ́ìlì wà níbẹ̀, tí wọ́n ń tún iná tó wọlé ṣe kó tó dé inú gíláàsì. Ẹ fi ike yẹn sọ́kàn. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àwọn tó kú nílé wa ti gba ikú.

Kí a tó máa bá a wí, ẹ jẹ́ ká gbà pé iṣẹ́ tó wá ṣe, ó ṣe é. Ìmọ́lẹ̀ tí gílóòbù pupa oníwáàtì 60 ń fún wa, ẹ́nájì oníwáàtì 13 sí 15 ń fún wa. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, àjọ NERC, tó ń ṣàkóso ọ̀rọ̀ iná, gbé owó yúníìtì kan lọ sí N225 fún àwọn tó wà ní Band A, ìsọ̀rí àwọn tó ń rí iná jù. Kì í ṣe gbogbo wa la wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká fi ṣe ìṣirò. Gílóòbù pupa oníwáàtì 60 tó ń tàn fún wákàtí márùn-ún lójúmọ́ á jẹ yúníìtì 9 lóṣù, ìyẹn N2,025. Ẹ́nájì oníwáàtì 15 á jẹ 2.25, kò ju nǹkan bí N506 lọ. Nílé tó ní gílóòbù mẹ́fà, N12,150 ni ti pupa, ti ẹ́nájì ò sì ju N3,040 lọ. Ẹni tó bá sọ pé ẹ́nájì kò wúlò rárá, owó yìí ni kó kọ́kọ́ wò.

Àmọ́ inú mítà nìkan ni èrè yìí ti ń hàn. Ilé tí kò ní mítà, tí wọ́n ń fi àfojúbù gé owó iná fún, ì báà so ẹ́nájì, ì báà so gílóòbù pupa, ìwé kan náà ni wọn yóò jù sí i lẹ́nu ọ̀nà lópin oṣù. Mo mọ bàbá kan tó pààrọ̀ gbogbo gílóòbù ilé rẹ̀, tó dúró de ìwé oṣù náà bí ẹni ń retí èsì ìdánwò, tí iye tó wà níbẹ̀ sì tún lé sí i. Lọ́jọ́ kejì, bàbá náà padà sí gílóòbù pupa, torí ìyẹn ló dínwó lọ́jà. Mi ò dá a lẹ́bi.

Wàhálà epo rọ̀bì ọdún 1973 ló bí ẹ́nájì. Edward Hammer, onímọ̀ ẹ̀rọ ní General Electric ti Amẹ́ríkà, rí bí wọ́n ṣe lè lọ́ gíláàsì náà bí ìwo ní 1976, ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ rẹ̀ wo owó ẹ̀rọ tí wọn yóò fi máa ṣe é, wọ́n sì gbé e tì. Philips gbé tiwọn jáde ní 1980, ó wúwo bí ìgò jáàmù. Ní 1985 ni Osram yọ irin wúwo inú rẹ̀ kúrò, tí wọ́n fi ẹ̀rọ wẹ́wẹ́ inú ike yẹn rọ́pò rẹ̀. Ìgbà tí àwọn ará Ṣáínà gba iṣẹ́ náà, láti nǹkan bí 1995, ni owó rẹ̀ tó wálẹ̀ débi tí tálákà fi lè nà án lọ́wọ́.

Gánà ló fi hàn wá ní apá ìhín ohun tó lè ṣe. Omi Akosombo, níbi tí iná wọn ti ń wá, fà sẹ́yìn ní 2006 sí 2007, iná wọ́n wọn, wọ́n ń pín in lágbègbè lágbègbè. Ìjọba wọn ra ẹ́nájì mílíọ̀nù mẹ́fà, wọ́n ń wọ ilé ènìyàn, wọ́n ń yọ gílóòbù pupa, wọ́n ń fi ẹ́nájì sí i lọ́fẹ̀ẹ́. Àjọ wọn tó ń rí sí ọ̀rọ̀ agbára iná ṣírò rẹ̀ pé nǹkan bí mẹ́gáwáàtì 124 ló dín kù nínú iná tí wọ́n nílò nírọ̀lẹ́. Ní 2008, wọ́n fi òfin tì í: kò sí kíkó gílóòbù pupa wọlé mọ́. Lọ́dọ̀ tiwa, Energy Commission of Nigeria bá ìjọba Kúbà àti ECOWAS pa ọwọ́ pọ̀, wọ́n pín mílíọ̀nù kan. Ọwọ́ àwọn ará Kúbà mọ́ irú iṣẹ́ yìí, torí láti 2005 ni wọ́n ti ń pààrọ̀ gílóòbù ní gbogbo ilé wọn. Ní 2011, àwọn àjọ àgbáyé UNDP àti GEF tún bá wa bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ mìíràn lórí dídín iná tí à ń fi ṣòfò kù.

Mílíọ̀nù kan, láàárín ènìyàn tó ti ju àádọ́jọ mílíọ̀nù lọ nígbà náà. A kò rí òjìji rẹ̀ ní Ìpògùn. Ọjà ni ẹ́nájì ti wá bá wa, ẹnikẹ́ni ò bá a wá láti sọ fún wa ibi tó yẹ ká so ó sí, ohun tó wà nínú rẹ̀, tàbí ibi tó yẹ kó lọ tó bá kú. Lójú tèmi, níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti wọ́ wá: wọ́n gbé ohun tó dára wá sínú ilé tí wọn kò ṣe é fún, wọn kò sì tún ilé náà ṣe.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí 8,000 wákàtí yẹn. Nínú yàrá àyẹ̀wò, wọ́n á to ọ̀pọ̀ gílóòbù jọ. Wọ́n á tàn wọ́n fún wákàtí méjì àti ìṣẹ́jú 45, wọ́n á pa wọ́n fún ìṣẹ́jú 15, wọ́n á tún tàn wọ́n, tọ̀sán tòru. Iná tó ń wọlé kò ní í gòkè, kò ní í sọ̀ kalẹ̀. Ọjọ́ tí ìdajì wọn bá ti kú ni wọ́n á ka iye wákàtí, òun ni wọ́n á kọ sára páálí. Ìyẹn ni pé nínú ilé tó dára jù lọ láyé pàápàá, bí a bá so mẹ́wàá, márùn-ún á ti lọ kí 8,000 wákàtí tó pé. Kò sí ẹni tó tẹ èyí sára páálí Màmá.

Ẹ wá wo ìrọ̀lẹ́ kan lọ́dọ̀ wa. Iná á dé ní aago méje kọjá, àwọn ọmọdé á pariwo "Ap Nẹ́pà!", orúkọ tí wọ́n ti pa rẹ́ láti 2005, tí ọmọ tí wọ́n bí lẹ́yìn ìgbà náà ṣì ń pè. Kí ọbẹ̀ tó hó, ó ti lọ. Á padà ní aago mẹ́jọ àbọ̀, á sì rẹ̀wẹ̀sì, áàfù kọ́rẹ́ǹtì. Gílóòbù pupa á fara dà á, á pọ́n bí ẹ̀yìn ojú ẹni tí kò sùn, ṣùgbọ́n á tàn. Ẹ́nájì á máa ṣẹ́jú, á fẹ́ tàn, á kọ̀, á tún gbìyànjú. Lóru, nígbà tí gbogbo ìlú bá ti sùn tí ẹ̀rọ ìlọta ti dákẹ́, iná á wá lágbára ju bó ṣe yẹ lọ.

Gbogbo ìgbà tí ẹ́nájì bá tàn, ó ń fi díẹ̀ nínú ẹ̀mí rẹ̀ sanwó. Èròjà kan wà lára okùn kékeré tó wà lẹ́nu gíláàsì lápá méjèèjì. Òun ló ń mú kí iná lè fò wọ inú gáàsì. Títàn kọ̀ọ̀kan ń bó díẹ̀ nínú rẹ̀ dànù, ìdí nìyẹn tí ẹnu gíláàsì fi máa ń dúdú bí ìdí ìkòkò kó tó kú. Nílé tó jẹ́ pé onílé ló ń tẹ súwíìṣì, ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì ni lálẹ́. Lọ́dọ̀ wa, ẹlòmíràn ló ń tan iná wa tó sì ń pa á, a kì í mọ iye ìgbà.

Mo wà nílé lálẹ́ tí gílóòbù Màmá kú. Gbogbo iná ilé mọ́ rekete lẹ́ẹ̀kan náà, fáànù bẹ̀rẹ̀ sí í sáré bí ẹni tí wọ́n lé, a gbọ́ "pọ̀!", òórùn ike jíjó sì gba gbogbo pálọ̀. Ẹ́nájì mẹ́rin ló lọ, pẹ̀lú rédíò. Ní òwúrọ̀, bọ̀dá tó máa ń bá wa ṣe iná wá. Ó ní wáyà niútírà ló já lórí òpó. Tí niútírà bá já, iná kò ní ojú ọ̀nà tí yóò gbà padà mọ́, á máa gba ilé kan bọ́ sínú ilé kejì; ohun tó yẹ kó jẹ́ volt 230 á wá lè sún mọ́ 400. Ó jókòó sórí àga, ó fi ọ̀bẹ tú ike ẹ́nájì náà níwájú wa. Kàpásítọ̀ kan, tó dà bí agolo tí ẹ̀dá kékeré kan lè fi mu omi, ti wú lórí, ó ti bẹ́, omi rẹ̀ sì ti gbẹ mọ́ ara pátákó. Ó wá mú gíláàsì náà sókè síbi ìmọ́lẹ̀ ojú fèrèsé. Ó funfun nini, ẹnu rẹ̀ ò tíì dúdú rárá.

"Màmá," ó ní, "gílóòbù yín ò fúnra rẹ̀ kú o. Wọ́n pa á ni."

Màmá bi í bóyá àwọn tó ni òpó yóò san owó rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó ń kó irinṣẹ́ rẹ̀ jọ.

Ooru náà tún wà níbẹ̀. Bí ọ̀pọ̀ wa ṣe ń so ẹ́nájì ni pé ike rẹ̀ á wà lókè, gíláàsì á sì dorí kodò. Ooru a máa gùn lọ sókè, inú ike ló sì ń gbà sí, síbi tí kàpásítọ̀ wà. Tí a bá tún fi abọ́ gíláàsì ọ̀ṣọ́ bò ó, bí wọ́n ṣe ń ṣe ní pálọ̀ àwọn olówó, ńṣe ló dà bí ìgbà tí a dé e mọ́nú ìkòkò. Àwọn tó wà nílé ẹ̀yìn, nínú kíṣìnnì tó ṣí sílẹ̀, tí họ́dà wọn kàn rọ̀ lára wáyà, máa ń pẹ́ ju ti pálọ̀ lọ. Nílé wa, èyí tó wà lẹ́nu ọ̀nà balùwẹ̀ ló gbó jù.

Ti ayédèrú kò nílò àlàyé púpọ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá ti ra gílóòbù ní Ọjà Ọba ní Àkúrẹ́ mọ bó ṣe ń lọ: oníṣọ̀ọ̀bù á ki gílóòbù bọ họ́dà, á tàn án, á ní "Ó ń tàn, ẹ rí i?", ìgbà tó bá ti tàn, ọwọ́ rẹ̀ ti mọ́. Àjọ SON, tó ń rí sí ojúlówó ọjà, ní ìlànà fún ohun tó ń wọlé, ṣùgbọ́n ọjà pọ̀ ju ojú tó ń ṣọ́ ọ lọ. Ọ̀nà kan ṣoṣo tí bọ̀dá oníná kọ́ mi láti fi dá ayédèrú mọ̀ ni pé kí n gbé e wò lọ́wọ́. Àwọn tó ṣe é ti yọ fíúsì kúrò nínú rẹ̀, wọ́n yọ kọ́ìlì tó ń sẹ́ iná, ó wá fúyẹ́ bí ìkarahun ẹyin. Fíúsì tí wọ́n yọ yẹn ló yẹ kó já wọ́ọ́rọ́wọ́ lọ́jọ́ tí iná bá pọ̀ jù. Nígbà tí kò sí níbẹ̀, ike ló ń yọ́.

Ohun kan wà tó máa ń da ọkàn ènìyàn rú. A ti pa súwíìṣì, gbogbo ilé ti ṣókùnkùn, ẹ́nájì á sì máa ṣẹ́jú fírí, fírí, bíi ká kà dé mẹ́wàá kó tó tún ṣẹ́. Mo mọ ilé kan tí wọ́n ti tìtorí rẹ̀ gbàdúrà. Kò sí ẹ̀mí kankan níbẹ̀. Ẹni tó fa wáyà ilé náà ló fi súwíìṣì gé niútírà dípò wáyà iná gan-an, tàbí kó jẹ́ súwíìṣì tó ní iná pupa kékeré lára. Iná ṣì ń jò díẹ̀díẹ̀ wọ inú ike, kàpásítọ̀ ń tọ́jú rẹ̀ títí yóò fi tó ohun tí gíláàsì lè fi ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan. Ẹ má fojú kékeré wo èyí. Tí súwíìṣì bá ń gé niútírà, iná ṣì wà nínú họ́dà nígbà tí ẹ rò pé ẹ ti pa á, ẹni tó bá gun àga láti pààrọ̀ gílóòbù ń fi ẹ̀mí rẹ̀ wewu. Gílóòbù tó ń ṣẹ́jú lókùnkùn ń sọ àṣìṣe oníṣẹ́ iná fún yín. Ẹ pè é kó wá tún un ṣe.

Àwọn iṣẹ́ kan sì wà tí ẹ́nájì kò lè ṣe láéláé. Ẹni tó ń sin òròmọdìẹ ní Ìpògùn kò lè fi í dáná yá wọn. Oníwáàtì 100 tàbí 200 pupa ni wọ́n ń wá kiri, torí ooru tí a ń pè ní òfò yẹn gan-an ló ń mú òròmọdìẹ yè ní alẹ́ ọ̀gìnnìtìn. Ẹni tó bá sáré wọ ilé ìyàgbẹ́ tó ní ẹ́nájì, gílóòbù náà kò ní í tíì mọ́lẹ̀ tán kí onítọ̀hún tó jáde, torí ó ń gbà tó ìṣẹ́jú kan kó tó tàn kedere. Ti àwọn télọ̀ wa ló kàn mí jù. Ní Oǹdó, mo rí obìnrin kan tó fi wáyà so ẹ́nájì kọ́ sórí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, kò jìnnà sí iwájú orí rẹ̀ ju ìbú ọwọ́ kan lọ. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2008, àjọ ìlera Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń pè ní Health Protection Agency nígbà náà kìlọ̀ pé ẹ́nájì tí gíláàsì rẹ̀ wà níta, tí wọn kò fi gíláàsì mìíràn bò, lè ta ìtànṣán bíi ti oòrùn sí awọ ara tí ènìyàn bá ń sún mọ́ ọn ju sẹ̀ǹtímítà 30 lọ fún ohun tó ju wákàtí kan lọ lójúmọ́. Ṣé wákàtí kan péré ni télọ̀ ń lò nígbà tí ọdún bá kù sí dẹ̀dẹ̀? Mo sọ fún obìnrin náà kó gbé e sókè. Ó ní òun kò ní í rí ojú abẹ́rẹ́ mọ́. Òótọ́ ló sọ, mi ò sì ní èsì tó dáa láti fún un lọ́jọ́ náà.

Mákúrì ló kù. Ọmọ àbúrò mi gbá bọ́ọ̀lù lọ bá ẹ́nájì tó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó fọ́ wẹ́wẹ́, ẹ̀tù funfun rẹ̀ sì fọ́n ká. Kí n tó la ẹnu, Màmá ti mú ìgbálẹ̀. Kí ni ìyá onílé yóò mú bí kò ṣe ìgbálẹ̀? Wọ́n gbá a sọ́tùn-ún, wọ́n gbá a sósì, wọ́n pàtẹ́ ìgbálẹ̀ náà mọ́ ilẹ̀ kó lè gbọn, ọmọ náà sì bẹ̀rẹ̀ síbẹ̀ láìwọ bàtà, ó ń ṣa gíláàsì. Nǹkan tó yẹ ká ṣe kò le: kí gbogbo ènìyàn jáde, ká ṣí fèrèsé àti ilẹ̀kùn fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ká má fi ìgbálẹ̀ kàn án, ká fi pátákó páálí méjì kó o jọ, ká fi sẹ́lótéèpù lẹ èyí tó wẹ́, ká fi àkísà tútù nu ilẹ̀, ká kó gbogbo rẹ̀ sínú ìgò tó ní ìdérí. Ìgbálẹ̀ ń gbé mákúrì sínú afẹ́fẹ́ ni, òun fúnra rẹ̀ á sì máa gbé e kiri ilé lẹ́yìn náà.

Mi ò fẹ́ kó ẹnikẹ́ni láyà sókè. Mákúrì inú ẹ́nájì kan kì í sábà ju mílígíráàmù 5 lọ. Èyí tó wà nínú tẹmómítà àtijọ́ tí àwọn nọ́ọ̀sì ń ki sí wa lábẹ́ ahọ́n tó 500, ìyẹn ọgọ́rùn-ún ẹ́nájì lẹ́ẹ̀kan náà. Ọṣẹ àti ìpara ìbóra tó ní mákúrì, tí àwọn obìnrin wa kan ń fi pa ara lójoojúmọ́, burú ju gílóòbù kan tó fọ́ lọ. Ṣùgbọ́n gílóòbù kan kọ́ ni à ń sọ. Gbogbo èyí tó ti kú láti bí ogún ọdún wá ni, nínú gbogbo ilé. Ní Àkúrẹ́, àjọ tó ń kó ìdọ̀tí ìpínlẹ̀ Oǹdó ń kó wọn pọ̀ mọ́ ewé mọ́ínmọ́ín àti ọ̀rá píọ́wọ́tà. Ní Ìpògùn, ẹ̀yìnkùlé ni ààtàn, iná la sì ń ti bọ̀ ọ́ lọ́jọ́ Sátidé. Mákúrì tó bá rí iná kò dúró nílẹ̀; ó ń bá èéfín lọ, òjò á tún rọ̀ ọ́ padà sínú omi wa.

Àwọn olùgbèjà ẹ́nájì ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ní èsì kan tó lágbára fún èyí. Wọ́n ní èédú ni àwọn fi ń ṣe iná, èédú náà ní mákúrì, nítorí náà iná tí ẹ́nájì kò jẹ́ kí àwọn jó ti gba afẹ́fẹ́ là lọ́wọ́ mákúrì tó ju èyí tó wà nínú rẹ̀ lọ. Ó rí bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ wọn. Kò rí bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Omi Kàíńjì, Jẹ́bà àti Ṣíróró, àti gáàsì irú èyí tí wọ́n ń jó ní Ọmọtọ́ṣọ̀ọ́, nínú ìpínlẹ̀ Oǹdó wa yìí, ni iná wa ti ń wá. Mákúrì tí ẹ́nájì gbé wọ Ìpògùn, gbèsè ni gbogbo rẹ̀, kò sí èyí tó yọ kúrò níbòmíràn fún wa.

Òfin tó yẹ kó gbà wá ti wà nínú ìwé. Ìlànà NESREA, àjọ tó ń dáàbò bo àyíká nílẹ̀ wa, lórí ẹ̀rọ oníná, ti ọdún 2011, gbé e lé àwọn tó ń ṣe é tàbí tó ń kó o wọlé lórí pé kí wọ́n máa gbà á padà. Nílùú Òyìnbó, ènìyàn lè kó òkú gílóòbù rẹ̀ sínú báàgì lọ sí ilé ìtajà, kó jù ú sínú àpótí tó wà lẹ́nu ọ̀nà. Mo ti bèèrè irú àpótí bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ oníṣọ̀ọ̀bù mẹ́ta ní Àkúrẹ́. Wọ́n wò mí bí ẹni tó fẹ́ ta òkú adìẹ fún wọn.

Orúkọ ìlú kan ní Japan ni wọ́n fi pe àdéhùn tó mú ẹ́nájì kúrò lọ́jà: Minamata, níbi tí àwọn dókítà ti kọ́kọ́ kéde ní 1956 pé àìsàn àjèjì kan ń ṣe àwọn ará ibẹ̀. Mákúrì tí ilé-iṣẹ́ kan ń dà sínú òkun ni wọ́n ń jẹ nínú ẹja. Wọ́n fẹnu kò lórí àdéhùn náà ní 2013, ó di òfin ní 2017, Nàìjíríà sì fi òǹtẹ̀ lù ú ní 2018. Ó dùn mọ́ mi pé àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà ló dìde níbẹ̀ tí wọ́n ní kí iná onímákúrì wá sópin, torí wọ́n mọ̀ pé ilẹ̀ wa ni wọn yóò dà á sí nígbà tí àwọn tó ṣe é bá ti kọ̀ ọ́. Ní Bali, ní oṣù kẹta ọdún 2022, wọ́n fi 2025 ṣe òpin fún ṣíṣe irú ẹ́nájì tí à ń lò nílé àti fífi í ṣọwọ́ sílẹ̀ òkèèrè. Ní Geneva, lọ́dún tó tẹ̀ lé e, wọ́n fi 2027 ṣe òpin fún fúlórẹ́sẹ̀ntì gbọọrọ náà.

LED ti dé. Kò ní mákúrì, kì í fi àkókò ṣòfò kó tó tàn, wáàtì 9 rẹ̀ ń ṣe iṣẹ́ 60, títàn àti pípa kò sì gé ẹ̀mí rẹ̀ bíi ti ẹ́nájì. Òmíràn ní bátìrì nínú, tó jẹ́ pé bí iná bá lọ, á ṣì máa tàn, èyí tí mo kà sí ọgbọ́n tó bá ilé wa mu ju gbogbo rẹ̀ lọ. Mo ti so ó sí gbogbo ilé Màmá, mo sì gba ẹlòmíràn níyànjú pé kó ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ike wà nídìí òun náà, ẹ̀rọ wẹ́wẹ́ wà nínú ike, ayédèrú rẹ̀ kún ọjà, niútírà tó já lálẹ́ ọjọ́ yẹn yóò pa òun náà láìṣẹ́jú. Wọ́n kọ 15,000 wákàtí sára páálí èyí tí mo rà kẹ́yìn. Mo fún Màmá ní páálí náà, mi ò bá wọn ṣe ìṣirò kankan.

Mo ti ní kí bọ̀dá oníná fi ẹ̀rọ tó ń gé iná tó bá pọ̀ jù sídìí mítà, ó sì ti yí súwíìṣì méjì tó ń gé niútírà padà. Àwọn òkú ẹ́nájì inú ilé, mọ́kànlá, ni mo fi ìwé ìròyìn Aláròyé àtijọ́ wé níkọ̀ọ̀kan, mo kó wọn sínú páálí bisikíìtì, mo fi téèpù lẹ ẹnu rẹ̀. Orí kọ́bọ́ọ̀dù yàrá ẹrù ni wọ́n wà, níbi tí ọwọ́ ọmọdé kò dé. Màmá ń bi mí ní gbogbo ìgbà tí mo bá wálé pé ìgbà wo ni mo fẹ́ kó ẹrù yẹn lọ, ibo sì ni mo fẹ́ kó o lọ.